Ta Ni Ó Dá Ẹ̀wù fún Ẹgbẹ́ Wa?

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ wọ Òkè-Afá yóò rí àwọn ilé tí ìjọba Alhaji Lateef Jákáńdè kọ́ nígbà tí ó jẹ́ Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 dé 1983. Àwọn ilé náà jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò a máa ṣi ẹnu ọ̀nà kan mọ̀ fún èkejì. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀, nítorí ọwọ́ kan náà ni ó kọ́ wọn, àwòrán kan náà ni ó sì fi kọ́ wọn. Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni àwọn ẹgbẹ́ tí ń pàdé nínú àwọn ilé náà àti ní àyíká wọn. Ẹgbẹ́ onílé wà, ẹgbẹ́ àwọn olùgbé wà, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú báyìí-báyìí tí wọ́n wà ní Èkó, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, àti ìjọ oríṣiríṣi tí pátákó wọn tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó dá wọn sílẹ̀, ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi dá wọn sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ gba ìwé òfin wọn kí ẹ kà á: alága kan, igbákejì rẹ̀, akọ̀wé, akápò, ayẹ̀wé-owó-wò, alukoro, sáà ọdún mélòó kan, ìpàdé gbogbogbò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹgbẹ́ tí kò ju ènìyàn méjìlá lọ lè ní oyè mẹ́sàn-án, kí àwọn mẹ́ta tí kò ní oyè máa dìbò fún àwọn mẹ́sàn-án tí ó ní.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí ẹ bá wa rò. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbé ẹ̀wù kan wọ̀, tí kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó bèèrè ẹ̀wù náà, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ń bẹ lóde ni ó bèèrè rẹ̀, irọ́ ha ni ẹgbẹ́ náà ń pa bí? Tàbí ọgbọ́n ni? Bí ó bá sì jẹ́ ọgbọ́n, níbo ni ọgbọ́n náà gbé dópin?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn Òyìnbó ni ó kọ́ wa ní àfarawé. Ní ayé àwọn baba wa, ẹgbẹ́ ọdọ àti ẹgbẹ́ oníṣòwò a máa mú oyè wọn láti inú oyè ìlú: Balógun, Ọ̀tún, Òsì, Ìyálóde. Ìjọ tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìjọ, Ìyá Ìjọ, Balógun Ìjọ àti Ọ̀tún rẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ènìyàn lè fi hàn wá nínú Ìwé Àdúrà. Ìlú ni a ti mú wọn wọ ilé Ọlọ́run, nítorí pé ojú ìlú ni àwọn ará fi mọ ohun tí à ń pè ní ọlá, ìjọ tí kò bá sì ní oyè láti fi dá àgbà lọ́lá, a máa dà bí ilé tí kò ní bàálé lójú wọn.

Àwọn tí ó mọ Ìwé Mímọ́ yóò rántí ìtàn méjì. Nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí kẹjọ, àwọn àgbà Ísírẹ́lì tọ Sámúẹ́lì lọ ní Rámà. Ẹ̀sùn tòótọ́ ni wọ́n gbé lọ, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwòsàn tí wọ́n bèèrè kò bá àìsàn náà mu: ọba ni wọ́n fẹ́, nítorí pé àwọn aládùúgbò wọn ní ọba. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà, ẹ̀sùn mìíràn dé. Wọ́n ń gbójú fo àwọn opó kan nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ. Níbẹ̀, a yan ọkùnrin méje láti bójú tó tábìlì. Oyè tuntun ni èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ebi àwọn opó ni ó bí i. A kò rí ibi tí a ti sọ fún wa pé àwọn Àpọ́sítélì kọ́kọ́ wo iye oyè tí ó wà ní sínágọ́gù kí wọ́n tó yan àwọn méje náà.

Ní ọdún 1977, ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, John Meyer àti Brian Rowan, kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ nínú ètò tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kì í mú iṣẹ́ yá. Ayé ni ó gbà pé ilé-iṣẹ́ gidi gbọ́dọ̀ ní i, ilé-iṣẹ́ tí kò bá sì ní i kò ní rí ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní 1983, àwọn méjì mìíràn, Paul DiMaggio àti Walter Powell, tọpa ọ̀rọ̀ náà síwájú. Wọ́n ní agbára òfin àti ti olówó wà lára ohun tí ń mú àwọn ilé-iṣẹ́ jọ ara wọn. Àfarawé wà pẹ̀lú, nígbà tí ọ̀nà kò bá dá ènìyàn lójú. Ẹ̀kọ́ kan náà tí àwọn aṣáájú jọ kọ́ sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn dára. Ṣùgbọ́n Èkó ti rí gbogbo rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú wọn, ẹ̀yin olùkọ́ ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ bí ó ti rí.

Ní 1882 ìjọba ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan fún Gold Coast àti Èkó, tí wọ́n wà lábẹ́ àkóso kan náà nígbà náà. Títí di ìgbà náà, àwọn ìjọ ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ ní ohun tí ó dára lójú wọn. Òfin náà kò gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó ìrànwọ́ ni ó mú wá. Alábẹ̀wò yóò dé, yóò dán àwọn ọmọ wò, ìjọba yóò sì sanwó gẹ́gẹ́ bí ìdánwò náà bá ti rí. Kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ohun tí a ń sanwó fún. Yorùbá kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ní ọdún 1843 ni Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1859 ni Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ míṣọ́ọ̀nù ní ilẹ̀ yìí dúró lórí pé kí ọmọ ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi bí i. Ìjọba kò pàṣẹ pé kí a pa Yorùbá tì. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó pariwo, àwọn alùfáà pariwo, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò sì fi Yorùbá sílẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jẹ́ olùkọ́ rí mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí wákàtí kò bá tó. Ohun tí a ó dánwò ni a ó fi òwúrọ̀ kọ́, nígbà tí orí ọmọ ṣì fúyẹ́. Ohun tí a kò ní dánwò a bọ́ sí ọ̀sán, nígbà tí oorun ti dé. Kò sí olùkọ́ kankan tí ó jí dìde ní ọjọ́ kan tí ó sì wí pé òun yóò kẹ́gàn èdè baba òun. Wákàtí kan ni ó sún láti òwúrọ̀ lọ sí ọ̀sán. Nígbà tí Èkó sì kúrò lábẹ́ Gold Coast ní 1886, tí ó ní òfin ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 1887, àṣà owó ìrànwọ́ àti alábẹ̀wò ti fìdí múlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wù náà ti yàtọ̀. A mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí àwọn olùkọ́ ń fi ọjọ́ Ẹtì kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kí alábòójútó lè bá a nínú ìwé nígbà tí ó bá dé. Ìwé náà dára, ó mọ́, ó ní ìlà pupa lábẹ́ àkọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kọ́ àwọn ọmọ dáradára ṣùgbọ́n tí kò ní àyè láti kọ ìwé náà gba lẹ́tà ìbáwí. Ẹni tí ó kọ ọ́, tí kò sì kọ́ ọmọ, gba ìyìn.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí ìjọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti le jù. Ní oṣù Kẹjọ 1891 àwọn ọkùnrin kan ní Èkó dá United Native African Church sílẹ̀. Ní 1901, lẹ́yìn tí a mú James Johnson kúrò ní ìjọ Páúlù Mímọ́ ní Breadfruit, ọ̀pọ̀ nínú ìjọ náà jáde, wọ́n sì di African Church. Wọ́n jáde nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà ṣe àkóso ìjọ Áfíríkà, ọ̀ràn aya púpọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá wọ ìjọ wọn ní ọjọ́ Ìsinmi ní àwọn ọdún ìṣáájú yóò rò pé òun kò tíì kúrò ní Breadfruit: àwọn ẹ̀wù àlùfáà, ètò àdúrà, káńsù ìjọ. Àwọn kan nínú tiwa fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àṣìṣe ni ẹ̀rín náà. Níbo ni ó yẹ kí wọ́n ti rí ìrísí mìíràn? Ilé-ẹ̀kọ́ Gíráámà ti CMS, tí a dá sílẹ̀ ní 1859, ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀mọ̀wé Èkó ti kàwé. Fourah Bay ni àwọn mìíràn lọ. Ènìyàn lè bínú jáde ní ilé baba rẹ̀ ní alẹ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀, yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó mọ̀ ni yóò kọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí wọ́n bá ti ṣe ìsìn ní ọ̀nà tí ó ṣàjèjì, ta ni ì bá gbà ní Èkó ìgbà náà pé ìjọ ni wọ́n?

Ìtàn tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù lọ ni ti àwọn Aládùúrà. Nígbà àrùn lukuluku ti 1918, àwọn ọmọ ìjọ tiwa kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí J. B. Sadare jẹ́ olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí péjọ fún àdúrà. Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn. Ní 1922 wọ́n kúrò láàárín wa, nítorí pé wọn kò fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, wọn kò sì fẹ́ lo oògùn, àdúrà nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n so ara wọn mọ́ ìjọ kan ní Filadẹ́lfíà ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní Faith Tabernacle, nípa lẹ́tà àti ìwé ìròyìn, láìrí ojú ara wọn. Fún ọdún púpọ̀, ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n jẹ́.

Ní 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ènìyàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ́ lọ. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Àwọn aláṣẹ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fojú fura wò wọ́n. Àwọn ìjọ míṣọ́ọ̀nù, tiwa pẹ̀lú, kò gbèjà wọn. Ìpàdé ńlá tí kò ní Òyìnbó lórí, tí kò ní orúkọ tí àwọn aláṣẹ mọ̀, ìrúkèrúdò ni ó jẹ́ lójú ìjọba. A ju Babalọlá pàápàá sí ẹ̀wọ̀n ní Bìní ní 1932. Kí ni kí wọ́n ṣe? Wọ́n kọ̀wé sí Apostolic Church ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1931, ọkùnrin mẹ́ta ti ibẹ̀ wá wò wọ́n. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, George Perfect àti Idris Vaughan dé láti máa bá wọn gbé. Wọ́n ní orúkọ tí a lè kọ sínú ìwé ìjọba nísinsìnyí, wọ́n ní ipò olùṣọ́-àgùntàn tí a fi ọwọ́ lé lórí, wọ́n sì ní Òyìnbó tí ó lè wọ ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ láìdúró ní ẹnu ọ̀nà.

Ṣé àìgbàgbọ́ ni èyí? Àwọn kan wí bẹ́ẹ̀. Àwa kò lè wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òjò ń pa kì í bèèrè ta ni ó hun agboòrùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí a yá kì í ṣófo. Ọwọ́ ẹni tí ó ni ín a máa wà nínú apá rẹ̀. Àwọn Òyìnbó náà ń lo kuníìnì sí ibà. Ọ̀ràn kékeré ni èyí lójú wọn. Lójú àwọn tí ó pè wọ́n, ìdí pàtàkì tí wọ́n fi jáde ní 1922, tí wọ́n fi gba ẹ̀gàn, tí àwọn mìíràn fi sin ọmọ láìfi oògùn kàn án ní ẹnu, ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjà náà gbóná sí i títí di àyíká 1940. Àwọn kan dúró ti àwọn Òyìnbó, àwọn sì ni Apostolic Church títí di òní. Àwọn tí ó kù, Babalọlá, Akínyẹlé ti Ìbàdàn àti Odùbánjọ lára wọn, lọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n gbé lọ. Wọn kò padà sí ẹgbẹ́ àdúrà ti 1918. Wọ́n mú orúkọ Àpọ́sítélì lọ, wọ́n mú ipò olùṣọ́-àgùntàn lọ, wọ́n sì mú ìgbìmọ̀ lọ. Ní 1943 wọ́n fi orúkọ ìjọ wọn, Christ Apostolic Church, sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1924 tí ó jẹ́ kí ìjọ lè ní ilẹ̀ nípasẹ̀ àwọn alámójútó ohun-ìní. Kuníìnì nìkan ni wọn kò gbé. A kì í bá wọn sọ ọ̀rọ̀ kan náà lórí oògùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kuníìnì gbà là, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Ṣùgbọ́n a bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n lè fi tọrẹ fún ìjọba àti ohun tí kì í ṣe tiwọn láti fi tọrẹ. Ẹgbẹ́ mélòó ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀ lónìí? Ọ̀pọ̀ kò rò ó títí ẹ̀wù yóò fi wọ̀ wọ́n lára tán.

Agbára òfin kò dínkù ní ìgbà tiwa. Ní oṣù Kìíní 2017, Pásítọ̀ E. A. Adébóyè, tí ó ti ń ṣe olórí ìjọ Redeemed láti 1981, yan Pásítọ̀ Joseph Obayemi láti máa ṣe alábòójútó ìjọ náà ní Nàìjíríà, nítorí ìlànà tuntun kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé olórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ogún ọdún lọ lórí oyè. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ààrẹ Buhari fi yọ ọ̀gá àgbà àjọ tí ó gbé ìlànà náà jáde, a sì dá ìlànà náà dúró. Ìlànà lọ, oyè tuntun náà kò bá a lọ. Ní 2020 òfin mìíràn fún àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní agbára láti dá àwọn alámójútó ìjọ dúró bí a bá fura sí ìwà àìtọ́, àwọn ìjọ sì pariwo gidigidi.

Ní ti ariwo yìí, ojú méjì ni a fi ń wò ó. Ìjọ tí ẹlòmíràn lè yan alámójútó fún kò ní ara rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, a ti jókòó pẹ̀lú opó kan tí ó dá owó sí àpótí ẹgbẹ́ kan fún ọdún mẹ́wàá, tí akápò sì sọ fún un pé kò sí ìwé tí a kọ owó náà sí. Obìnrin yìí kò ní sọ fún yín pé ayẹ̀wé-owó-wò jẹ́ àfarawé Òyìnbó. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí ìrísí kan ti wá ni a fi ń dá a lẹ́jọ́. Nígbà tí a bá wọ ìpàdé, ohun kan ni a fẹ́ kí a máa bi ara wa: bí a bá dá nǹkan yìí dúró lónìí, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Bí ó bá jẹ́ opó ni, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ alábẹ̀wò nìkan ni, ẹ lè máa ṣe é nítorí àlàáfíà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gba wákàtí òwúrọ̀.

Àwọn tí ó ń rin ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ mọ Ìkẹ́jì-Arákejì. Ibẹ̀ ni Babalọlá, tí ó ń wa katakata tí a fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba, ti sọ pé Ọlọ́run pe òun ní 1928, tí ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Láti 2006, Yunifásítì tí ìjọ rẹ̀ dá sílẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pè é. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo yunifásítì ilẹ̀ wa, ó ní Ọ̀gá Àgbà, ó ní ìgbìmọ̀ olùkọ́, àwọn aláṣẹ láti Àbújá a sì máa wá yẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, wọ́n ń gba oyè, iṣẹ́ rere sì ni. Bí awakọ̀ katakata kan bá dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ lónìí, tí ó wí pé Ọlọ́run rán òun láti wá kọ́ni, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè.